Ohun Tí Ẹ̀bùn Ń Sọ Fún Ọmọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí lónìí, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ dá lórí ohun tó ń mú kí ọmọ fẹ́ kàwé, tó ń mú kí eléré ìdárayá fẹ́ sáré, àti ohun tó ń pa ìfẹ́ náà lára ẹni tó ti ní i tẹ́lẹ̀. Apá kejì yẹn ló ká mi lára jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ kó tó béèrè pé "kí nìyí?" Yóò béèrè títí ẹnu yóò fi rẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ìwé mẹ́fà, a ó ti máa fi pàṣán lé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ìdí ìwé. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín, mo sì fẹ́ ká wo ọwọ́ tí àwa àgbà ní nínú rẹ̀.

Nínú ilé wa, ohun mẹ́ta la sábà fi ń mú ọmọ ṣiṣẹ́: ẹ̀bùn, ìyìn, àti ẹgba. "Bó o bá ṣe ipò kìíní, màá ra kẹ̀kẹ́ fún ẹ." "Ọmọ yìí, orí ẹ pé!" "Bó o bá tún féèlì, wàá rí mi." Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí a ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún yóò kàwé ní táàmù yẹn, mi ò jiyàn. Táàmù tó tẹ̀lé e, tí kò sí kẹ̀kẹ́ mọ́, ni mo ń bi yín léèrè.

Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá mẹ́ta, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, gbé ìwádìí kan jáde tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń ṣeré, wọ́n sì ṣa àwọn tó jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n máa ń lọ sídìí tábìlì tí bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi wà láti yàwòrán. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gbogbo wọn ló ti fẹ́ràn àwòrán yíyà tẹ́lẹ̀. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí kan tó ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà àti rìbọ́nì han àwọn apá kìíní, wọ́n ní bí wọ́n bá ti yàwòrán, wọ́n á gbà á. Apá kejì yàwòrán láìgbọ́ ohunkóhun nípa ẹ̀bùn. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ìwé ẹ̀rí kan náà lé wọn lọ́wọ́. Apá kẹta ò gba nǹkan kan.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún kó bírò náà sórí tábìlì nínú kíláàsì. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n yà tàbí kí wọ́n má yà. Àwọn tí a ti bá dá májẹ̀mú ìwé ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀ mọ́. Àkókò tí wọ́n lò nídìí àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ju ìdajì èyí tí àwọn yòókù lò. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò sì yàtọ̀ sí àwọn tí kò gba ohunkóhun. Ìfẹ́ wọn wà bó ṣe wà.

Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ìwádìí yìí tí wọ́n á ní ẹ̀bùn burú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kan náà, tòun ti òǹtẹ̀ rẹ̀, ni apá kejì gbà, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àdéhùn tó ṣáájú ló ṣe iṣẹ́ ibi náà: "ya èyí, kó o lè gba ìyẹn." Ọmọ tó ń yàwòrán torí pé inú rẹ̀ ń dùn sí i bẹ̀rẹ̀ sí í yà á torí ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí lọ, ìdí tó fi ń yà á bá a lọ.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Edward Deci ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe irú rẹ̀. Ó fún wọn ní ègé kékeré méje tí a lè tò pọ̀ di oríṣiríṣi nǹkan, eré tó máa ń gba èèyàn lọ́kàn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń san dọ́là kan fún àwọn kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tò yanjú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò san nǹkan kan mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá, yóò jáde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, yóò ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n, ìwé ìròyìn sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Ohun tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ṣe gan-an ló ń wò. Nígbà tí owó dáwọ́ dúró, àwọn tó ti gbowó kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan eré náà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Deci àti Richard Ryan, tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Rochester, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ̀bùn lè bá ọmọ sọ. Ó lè sọ pé: "Mo rí ohun tó o ṣe, ó dára, o ti mọ̀ ọ́n." Ó sì lè sọ pé: "Èmi ni mò ń darí ẹ, ohun tí mo bá fẹ́ ni wàá ṣe, kó o tó rí ohun tó o fẹ́." Ẹ̀bùn kan náà ni o. Etí ọmọ a máa gbọ́ èwo ni à ń sọ. Wọ́n tún ní ohun mẹ́ta ni ọkàn ẹ̀dá ń wá nínú iṣẹ́ kó tó lè fi tinútinú ṣe é: kó mọ̀ pé òun lòun yàn án, kó rí i pé ọwọ́ òun ń mọ́ ọn, kó sì wà láàárín àwọn tó ka òun sí tiwọn. Ọmọ tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò nílò kí a máa lé e.

Àwọn kan kò gbà. Ní 1994, Judy Cameron àti David Pierce ní Kánádà kó ìwádìí púpọ̀ jọ, wọ́n ní ìbẹ̀rù ẹ̀bùn yìí ti pọ̀ jù. Ní 1999, Deci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 128 jọ láti dá wọn lóhùn. Lójú tèmi, ìjà yẹn ṣe wá láǹfààní, torí ó jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mọ. Ẹ̀bùn tí a ti ṣèlérí a máa dín ìfẹ́ kù nínú iṣẹ́ tí ọmọ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni látilẹ̀wá, ẹ̀bùn kò ní ìfẹ́ tí yóò pa níbẹ̀. Nítorí náà, bó o bá fẹ́ ra búrẹ́dì oníbọ́tà fún ọmọ kó lè há tábìlì ìsọdipúpọ̀ sórí, rà á, ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ bí ọmọ rẹ bá ń jókòó ti ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, jọ̀wọ́, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í san náírà fún un lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ìyìn wá ńkọ́? Ìyìn kì í náni lówó, a sì rò pé kò lè ṣe ibi. Claudia Mueller àti Carol Dweck yẹ ìyẹn wò ní 1998. Àwọn ọmọ tó wà ní nǹkan bí ìwé márùn-ún ni wọ́n fún ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n orí. Wọ́n sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n wá fi kún un fún àwọn kan pé orí wọn ló pé. Fún àwọn mìíràn, pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ kára. Gbólóhùn kan péré. Lẹ́yìn náà wọ́n fún gbogbo wọn ní ìbéèrè tó le gan-an, gbogbo wọn sì ṣe é bàjẹ́. Ní ìpele kẹta, wọ́n dá wọn padà sí irú ìbéèrè ti àkọ́kọ́. Máàkì àwọn tí a yin orí wọn wá kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ti àwọn tí a yin iṣẹ́ wọn lọ sókè.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú ìwádìí náà kì í ṣe máàkì. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà kọ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ọmọ ilé ìwé mìíràn tí kò mọ̀ wọ́n rí. Nínú àwọn tí a sọ fún pé orí wọn pé, 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló bu máàkì kún tiwọn. Nínú àwọn tí a yin iṣẹ́ wọn, 13 ni. Ọmọ tí a ti sọ fún pé orí ẹ̀ pé ní ohun tó lè pàdánù. Bó bá kùnà, kì í ṣe iṣẹ́ ló kùnà mọ́, orí ló kùnà, ìyẹn sì wúwo ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé lọ. Ó sàn kó purọ́. Ó sàn kó má tilẹ̀ gbìyànjú ohun tó le.

Ẹ má ṣe wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di oògùn gbogboǹṣe bí àwọn kan ti ṣe. Nígbà tí wọ́n dán ẹ̀kọ́ tó ń sọ fún ọmọ pé ọgbọ́n orí lè dàgbà wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 12,000 lọ jákèjádò Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019, àǹfààní wà fún àwọn tí máàkì wọn kéré, àmọ́ kò tóbi. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò lè dípò olùkọ́ tó mọṣẹ́, tàbí ìwé tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ.

Ní tiwa, a ní irú ìyìn kan tí n kò rí nínú gbogbo ìwádìí wọ̀nyí. Ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀, tó ń pè é ní Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, tó ń ka orírun ilé baba rẹ̀ fún un, kò dúró de èsì ìdánwò. Ẹni tó ṣe ìkẹyìn ní oríkì bí ẹni tó ṣe ipò kìíní. Oríkì kò sọ pé o mọ nǹkan kan ṣe; ó ń sọ pé o ní àwọn èèyàn, àwọn èèyàn náà sì mọ̀ ẹ́. Ohun kẹta tí Deci àti Ryan sọ pé ọkàn ń wá gan-an nìyẹn. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé olówó ńlá lónìí ò gbọ́ oríkì ara wọn rí. Ìyìn kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ni èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn káàdì èsì.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí pápá. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí Norman Triplett ti ṣàkíyèsí pé àwọn agunkẹ̀kẹ́ máa ń yára sí i bí wọ́n bá ń bá ẹlòmíràn díje ju ìgbà tí wọ́n bá dá sá lọ. 1898 ló kọ ọ́. Ó tún ní kí àwọn ọmọdé yí ohun èlò kan tó ń wé okùn, wọ́n dá a yí, wọ́n sì tún yí i pẹ̀lú ọmọ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ yá sí i, àmọ́ ọwọ́ àwọn kan dàrú. Ó di 1965 kí Robert Zajonc tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí àwọn èèyàn bá ń wò ọ́, ohun tó ti mọ́ ọ lára ni yóò jáde. Bí ohun tó mọ́ ọ lára bá tọ̀nà, wàá ṣe é dáadáa sí i. Bó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àṣìṣe rẹ ni yóò jáde. Aáyán pàápàá rí bẹ́ẹ̀! Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aáyán sójú ọ̀nà tó lọ gbọọrọ, wọ́n fi àwọn aáyán mìíràn sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa wò ó; ó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e sójú ọ̀nà tó ní kọ̀rọ̀. Ó pẹ́ ju ìgbà tó dá wà lọ.

Bàbá tó ń dúró létí pápá tó ń pariwo mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù dúró, ẹ rò ó wò. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ àṣìṣe ọmọ náà ló ń pè jáde.

Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gan-an náà ní tirẹ̀. Sian Beilock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn tó ti pẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù máa fi ẹsẹ̀ wa bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn àmì tí wọ́n tò sílẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó ń kan bọ́ọ̀lù, wọ́n fà sẹ́yìn. Ohun tí ẹsẹ̀ ti mọ̀, ọkàn tún fẹ́ máa ṣe alábòójútó rẹ̀. Bí ẹ̀rù ṣe ń ba ògbóǹkangí eléré jẹ́ nìyí: ó ń mú kó máa wo ara rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù. Michael Bar-Eli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì yẹ pẹnáritì 286 wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2007. Nínú ọgọ́rùn-ún pẹnáritì, aṣọ́lé fò sí ọ̀tún tàbí òsì nígbà tó lé ní 93. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá dúró sáàárín, wọn ìbá mú bọ́ọ̀lù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí wọ́n ń fò? Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé nígbà tó o fò, wọ́n á ní o gbìyànjú. Bó bá wọlé nígbà tó o dúró, wọ́n á ní o dúró bí òpó. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ni wọ̀nyí, owó ńlá ni wọ́n ń gbà, síbẹ̀ ohun tí èrò yóò wí ló ń darí ẹsẹ̀ wọn.

Mo fẹ́ mú ọ̀kan lára tiwa. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà mẹ́wàá. Ní ìdíje àgbáyé Doha, 2019, ó ṣe ipò kẹrin. Ní Òlíńpíìkì Tokyo, oṣù kẹjọ ọdún 2021, ó tún ṣe ipò kẹrin: 12.60. Ẹni tó gba bàbà sá 12.55. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà láàárín wọn, kò tó ìṣẹ́jú ojú. Kò sí àmì ẹ̀yẹ fún ẹni kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn.

Oṣù tó tẹ̀lé e, ní Zürich, ó borí nínú àṣekágbá Diamond League, ọ̀wọ́ ìdíje eré sísá tó máa ń wáyé lọ́dọọdún, pẹ̀lú 12.42, èyí tí obìnrin Áfíríkà kankan kò sá rí. Ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, oṣù keje ọdún 2022, ó sá 12.40 ní ìpele àkọ́kọ́. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó sá 12.12. Ó gba ipò ẹni tó yá jù láyé lọ́wọ́ Kendra Harrison, tó sá 12.20 ní 2016. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ó jáde fún àṣekágbá, ó sì sá 12.06, atẹ́gùn tó ń ti wọn lẹ́yìn ti ju bí òfin ṣe gbà lọ, wọn kò kà á mọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé, àmọ́ góòlù di tirẹ̀.

Albert Bandura, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ìgboyà ẹ̀dá nínú agbára ara rẹ̀, sọ ní 1977 pé ibi mẹ́rin ni ìgboyà yẹn ti ń wá: ohun tí a ti ṣe fúnra wa, ohun tí a rí kí ẹlòmíràn ṣe, ọ̀rọ̀ ìyànjú, àti bí ara ṣe ń ṣe wá lákòókò náà. Àkọ́kọ́ ló lágbára jù. "O lè ṣe é! O lè ṣe é!" tí à ń pariwo dára, àmọ́ 12.42 ní Zürich sọ ọ́ ketekete ju ẹnu ẹnikẹ́ni lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni 12.60 Tokyo pàápàá jẹ́ ìròyìn fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: ibi tí mo ti pẹ́, ìdènà tí mo ti fara kàn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá mú ipò kẹrin lò bí ìròyìn yàtọ̀ sí èyí tó fi dá ẹjọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Amusan padà sí pápá ìṣeré Tokyo tó ti ṣe ipò kẹrin yẹn, fún ìdíje àgbáyé, ó sì gba fàdákà pẹ̀lú 12.29.

Ohun kan náà ló yẹ kí ìdánwò jẹ́ ní ilé ìwé. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní 2006, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àkọsílẹ̀ kan. Àwọn kan tún un kà. Àwọn mìíràn pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: àwọn tó dán ara wọn wò rántí 56, àwọn tó tún un kà rántí 42. Kò sí máàkì, kò sí ipò, kò sí ẹgba nínú ìdánwò náà. Ìdánwò jẹ́ ọ̀nà láti kàwé, a kàn ti sọ ọ́ di ilé ẹjọ́ ni. Ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB tó sì ń ka ìwé kan náà lákàtúnkà, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó pa ìwé dé. Ẹ sì jẹ́ kó lè ṣe àṣìṣe lójú yín láìgbọ́ èébú, torí bí àṣìṣe bá di ohun tó ń fa ẹgba, kò ní pa ìwé dé láéláé.

Ní ti ẹgba, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń mú ọmọ jókòó. Kò mú un fẹ́ nǹkan kan rí.

Ẹnì kan lè bi mí pé: bó bá rí báyìí, ṣé kí ìjọba má ṣe fún àwọn eléré ìdárayá lówó mọ́, kí ìfẹ́ má bàa kú? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí, nítorí náà mo fẹ́ sọ ọ́ yékéyéké. Ní oṣù kẹfà 2019, lẹ́yìn tí Jámánì na àwọn Super Falcons ní ìdíje ife àgbáyé ní Faransé, àwọn obìnrin wa jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá rí owó àjẹmọ́nú tó tọ́ sí wọn. Kò sí ìwádìí kankan nínú gbogbo èyí tí mo kà fún yín tó sọ pé kí a jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Owó oṣù àti owó àjẹmọ́nú kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ̀tọ́ ni, iṣẹ́ sì ti ṣe. Bí a bá sì fà á sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lèyí náà ń bá eléré sọ: pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ wá lójú, pé kì í ṣe ara wa. Ìfẹ́ tó gbé ọmọbìnrin kan láti pápá eléruku dé Faransé kò yẹ kó jẹ́ ohun tí à ń fi ṣe àwáwí láti má san owó rẹ̀. Ẹ san án lọ́jọ́ tó yẹ, kí ọkàn rẹ̀ lè ráyè gbọ́ ti bọ́ọ̀lù.